Bàbá Àpọ́nlé àti Àròpọ̀ Òpó Kẹrin

Ọjọ́ Jímọ̀ kan ní oṣù kejì ọdún 1988 ni Isaac Ọlágòkè jókòó sórí àga iwájú kọ̀m̀pútà ní ọ́fíìsì ètò ìlera ní Ṣakí, tí ó ní òun kò ní dìde títí ẹ̀rọ náà yóò fi sọ òtítọ́. Ìtàn yìí ni àwọn ènìyàn máa ń kọ́kọ́ sọ bí wọ́n bá dárúkọ rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti ṣe ohun tó jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó di ọjọ́ náà.

Akọ̀wé ni, ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta, ó gùn, ó tín-ín-rín, pẹ́ńsù kò sì kúrò létí rẹ̀ rí. Òun ló ń tọ́jú ìwé ńlá tí wọ́n ń kọ iye aláìsàn àti iye ọmọ tó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára sí. Bàbá Àpọ́nlé ni gbogbo ènìyàn ń pè é.

Àrùn èéyi ló fa ọ̀rọ̀ náà. Láti ìgbà tí ọyẹ́ ti dé ni àrùn náà ti ń mú àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ní agbègbè wa, ó ń pa wọ́n. Ìbàdàn ṣèlérí pé àwọn yóò fi abẹ́rẹ́ ránṣẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n ní àwọn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ iye ọmọ tí kò tíì gbà á. Bàbá Àpọ́nlé gun kẹ̀kẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó ká abúlé mẹ́tàlélógójì, ó sì fa òpó mẹ́rin sínú ìwé: orúkọ abúlé, orúkọ olórí ibẹ̀, iye ọmọ tó wà níbẹ̀, àti ní òpó kẹrin, iye àwọn tí kò tíì gba abẹ́rẹ́. Nígbà tó dé ilé, ìyàwó rẹ̀ ní òun kò mọ èwo ló rù jù, ọkọ òun tàbí kẹ̀kẹ́.

Ọ̀gá Ògúndìran, ọ́fíìsà tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́, wá láti Ìbàdàn láti gba iye náà. Ó gbé kọ̀m̀pútà wá, ó sì mú Adékúnlé dání, ọ̀dọ́mọkùnrin tó mọ ẹ̀rọ náà lò. Ọjọ́ méjì gbáko ni Adékúnlé fi tẹ gbogbo ohun tó wà nínú ìwé sínú ẹ̀rọ. Ní ọjọ́ Jímọ̀, ó bi ẹ̀rọ pé kí ni àpapọ̀ òpó kẹrin. Ẹ̀rọ náà rò ó díẹ̀, ó ní mẹ́tàlélógójì.

“Ó dára,” ni Ọ̀gá Ògúndìran wí, ó ń kọ ọ́ sínú lẹ́tà. “Kò tilẹ̀ pọ̀. Kúlà abẹ́rẹ́ kékeré kan yóò gbà á.”

“Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá,” ni Bàbá Àpọ́nlé wí, “mélòó ni ẹ pè?”

“Ọmọ mẹ́tàlélógójì.”

“Ní agbègbè wa níbí? Ní òpópónà yìí nìkan, mo lè kó iye yẹn jọ fún yín kí omi tó hó. Ẹgbẹ̀fà ó lé mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún ni mo kọ síbẹ̀.”

“Bàbá, ẹ̀rọ kì í gbàgbé, kì í rẹ̀ ẹ́. Òkè òkun ni wọ́n ti ṣe é.”

“N kò mọ ibi tí wọ́n ti ṣe èéyi ní tèmi,” ni Bàbá Àpọ́nlé dáhùn, “ṣùgbọ́n ilé tí ó mọ̀ ju mẹ́tàlélógójì lọ.”

Bí Adékúnlé ṣe dìde láti lọ mu omi báyìí, bàbá ti jókòó sórí àga rẹ̀. Wọ́n ní kó dìde, kò dìde. Ọ̀gá Ògúndìran ní òun máa kọ orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí Ìbàdàn. Bàbá ní kí wọ́n kọ ọ́ dáadáa, pé ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fi àmì sí Ọlágòkè níbi tí kò yẹ.

Nígbà tí wọ́n sọ ọ́ sọ ọ́ tó sú wọn, ó pe Adékúnlé. Ó ní, “Ọmọ mi, mú Tẹ̀dé àti Ìwéré-Ilé nìkan. Ọmọ mélòó ni mo kọ sí Tẹ̀dé?”

“Mọ́kànlélọ́gọ́ta, sà.”

“Ìwéré-Ilé ńkọ́?”

“Méjìdínlógójì.”

“Ó yá, bi í pé mélòó ni àwọn méjèèjì.”

Adékúnlé na ọwọ́ kọjá èjìká bàbá, ó tẹ̀ ẹ́ bí ó ti tẹ̀ ẹ́ ní àkọ́kọ́. Ẹ̀rọ ní méjì. Nọ́ọ̀sì Mọ́ládé, ọ̀kan nínú àwọn nọ́ọ̀sì ibẹ̀, tó ti dúró sí ẹnu ọ̀nà láti ìgbà yìí wá, ni ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó sì yára fi ọwọ́ bo ẹnu. Ojú Adékúnlé kò gbébì kan mọ́. Ó gbé ìwé ńlá tó bá ẹ̀rọ náà wá, ó ń ṣí i síwá sẹ́yìn, kó tó sọ̀rọ̀.

“Mo ní kí ó kà ni, ọ̀gá. Abúlé kọ̀ọ̀kan, ìlà kọ̀ọ̀kan ni nínú rẹ̀. Iye ìlà ni ó kà. Kò ro ohun tó wà nínú òpó pọ̀. Ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ ni à ń lò fún ìyẹn.”

“Ẹ̀rọ náà kò jẹ̀bi,” ni Bàbá Àpọ́nlé wí. “Ohun tí wọ́n bi í ló dáhùn. Èmi náà, bí ẹ bá bi mí pé ilé mélòó ló wà ní òpópónà yìí, n kò ní máa ka ọmọ fún yín.”

Adékúnlé lo ọ̀rọ̀ kejì. Ẹ̀rọ ní ẹgbẹ̀fà ó lé mọ́kàndínlọ́gọ́rin. Ọ̀gá Ògúndìran nu òógùn ojú, ó fa mẹ́tàlélógójì rẹ́ nínú lẹ́tà rẹ̀, ó ní, “Ó dáa, Bàbá. Ẹ ti borí. Ẹ dìde wàyí.”

“Ó ku ọmọ méje,” ni Bàbá Àpọ́nlé wí, ó sì tún àga fà mọ́ra.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé àti ẹ̀rọ papọ̀, ìlà kan tẹ̀lé ìlà kan, pẹ̀lú rúlà. Ní ìlà kọkànlélọ́gbọ̀n ni wọ́n bá a. Abà Àmúdà, oko kan lẹ́yìn Ogbooro. Òpó kẹrin rẹ̀ ṣófo nínú ẹ̀rọ. Adékúnlé ní òógùn ọwọ́ bàbá ti pa iye náà rẹ́ nínú ìwé, òun kò rí i kà, òun sì fi í sílẹ̀ láti bèèrè, òun wá gbàgbé. Ọ̀gá Ògúndìran ní kí wọ́n má bínú, pé òfìfo àti òdo, ọ̀kan náà ni.

Bàbá Àpọ́nlé kò pariwo. Ó yọ pẹ́ńsù létí. “Ọ̀gá,” ó ní, “bí mo bá kọ òdo, mo ti dé ibẹ̀, n kò sì bá ẹnìkankan. Bí mo bá fi í sílẹ̀ lófìfo, ẹnikẹ́ni kò dé ibẹ̀ nìyẹn. Mo dé Abà Àmúdà. Ọmọ méje ni mo bá.”

Adékúnlé tẹ méje síbẹ̀. Ó tún bi ẹ̀rọ. Ẹgbẹ̀fà ó lé mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún. Bàbá Àpọ́nlé dìde, orúnkún rẹ̀ méjèèjì dún, ó ní wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni òun fi jókòó. Adékúnlé wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ó pé géérégé.

Kò ya àwọn tó ti mọ̀ ọ́n tipẹ́ lẹ́nu. Kò sí òpó tí Bàbá Àpọ́nlé rí tí kò rò pọ̀. Yóò ro ó láti òkè dé ìsàlẹ̀, yóò sì tún ro ó láti ìsàlẹ̀ padà sókè. Bí òkè bá ń sọ ọ̀kan tí ìsàlẹ̀ ń sọ òmíràn, á ní ẹnì kan ń purọ́ láàrin wọn.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, bí wọ́n bá ti kọ nọ́mbà àwọn orin ìsìn sára pátákó, òun ti rò wọ́n pọ̀ kí ẹgbẹ́ akọrin tó wọlé. Lọ́jọ́ kan, àlùfáà rí i pé ojú rẹ̀ kò kúrò lára pátákó náà ní gbogbo àkókò ìwàásù. Nígbà tí wọ́n jáde, ó bi í pé kí ni òun wàásù lé lórí. Bàbá Àpọ́nlé ní, “Ẹgbẹ̀ta ó lé mẹ́rìnlá, sà.”

Ní Ogbooro, níbi tí wọ́n bí i sí, àgbẹ̀ kan tó ń jẹ́ Ìyápọ̀ bá àbúrò rẹ̀ jà lórí oko iṣu. Ẹ̀gbọ́n ní ebè àbúrò pọ̀ ju tòun lọ, àbúrò ní irọ́ ni, ti ẹ̀gbọ́n ló pọ̀. Wọ́n ránṣẹ́ pe Bàbá Àpọ́nlé. Ó lo odindi ọjọ́ kan nínú oòrùn, ó ń tẹ̀lé aporo, ó ń kọ iye ebè aporo kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀yìn àpò lẹ́tà. Nígbà tó rò ó tán, ó ní iye ebè àwọn méjèèjì dọ́gba, ṣùgbọ́n ó ku ogójì ebè tí kì í ṣe ti ẹnìkankan nínú wọn, nítorí orí ilẹ̀ bàbá òun ni wọ́n kọ ọ́ sí. Ọjọ́ náà gan-an ni Ìyápọ̀ àti àbúrò rẹ̀ parí ìjà. Wọ́n fi ẹnu kò pé Ọlágòkè kò mọ ìṣirò.

Nọ́ọ̀sì Mọ́ládé náà ní tirẹ̀ láti sọ. Ní ọdún 1979, òun nìkan ni nọ́ọ̀sì tó wà ní ilé ìtọ́jú Tẹ̀dé. Ikọ́ pọ̀ lára àwọn ọmọdé ní oṣù náà, kò sì rí oorun sùn. Nígbà tó yẹ kó kọ iye wọn ránṣẹ́ sí Ṣakí, ó rẹ̀ ẹ́ débi pé ó kọ “ọ̀pọ̀lọpọ̀” sínú òpó náà, ó sì fi ránṣẹ́. Ní ọjọ́ kẹta, ó rí kẹ̀kẹ́ kan tó ń bọ̀ nínú eruku. Bàbá Àpọ́nlé ni. Kò tíì sọ̀ kalẹ̀ tó fi bèèrè.

“Nọ́ọ̀sì, ọ̀pọ̀lọpọ̀ jẹ́ mélòó?”

“Bàbá, ẹ jókòó ná. Ẹ mu omi.”

“Mo máa mu ún. Mélòó ni?”

Mọ́ládé ní òun bú sẹ́kún níbẹ̀, kì í ṣe nítorí ìbéèrè, nítorí àárẹ̀ ni. Bàbá Àpọ́nlé jókòó tì í lórí bẹ́ǹṣì. Kò bá a wí. Ó ní kó máa rántí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ilé sí ilé, ìyá sí ìyá. Kí oòrùn tó rọ̀, wọ́n ti rántí ọmọ méjìdínlọ́gọ́ta. Lẹ́yìn náà ló kọ ìwé sí àwọn ọ̀gá rẹ̀ ní Ṣakí pé nọ́ọ̀sì kan kò tó fún Tẹ̀dé, ó sì fi iye náà gbè é lẹ́yìn. Láàrin oṣù méjì wọ́n fi ẹnìkejì ránṣẹ́. Mọ́ládé máa ń sọ pé òun nìkan ni ẹni tí ìṣirò Bàbá Àpọ́nlé jẹ́ kó sùn dáadáa.

Èèyàn lè rẹ́rìn-ín sí gbogbo èyí tán kó má mọ ibi tó ti wá. Àyìnkẹ́, ìyàwó rẹ̀, ló sọ ọ́ fún Mọ́ládé lọ́jọ́ kan tí wọ́n jọ ń ṣa ẹ̀wà.

Àpọ́nlé ni àkọ́bí wọn. Èéyi ló pa á ní ọdún 1972, nígbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́ta. Inú ilé ló kú sí, ní ìdájí ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ní ìparí ọdún, ìwé ìjábọ̀ kan kọjá lórí tábìlì bàbá rẹ̀ ní ọ́fíìsì, pé ọmọ mọ́kànlá ni èéyi pa ní Ṣakí. Ó gbé ìwé náà tọ ọ̀gá rẹ̀ ìgbà náà lọ. Ó ní méjìlá ni. Ọ̀gá bi í pé báwo ló ṣe mọ̀. Ó ní nítorí ilé òun ni ìkejìlá ti kú. Ọ̀gá náà bá a kẹ́dùn, ó ṣe é dáadáa, ṣùgbọ́n ó ní wọ́n ti tẹ ìwé náà, pé ọ̀kan kò lè yí nǹkan padà.

“Kò sunkún lójú mi,” ni Àyìnkẹ́ wí. “Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn ni kò ti gba àròpọ̀ ẹnikẹ́ni gbọ́. A bí ọkùnrin méjì lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn ará ilé fẹ́ máa fi orúkọ wọn pè é. Kò dá wọn lóhùn.”

Ọkọ̀ tó ń gbé abẹ́rẹ́ bọ̀ láti Ìbàdàn bàjẹ́ lọ́nà lẹ́ẹ̀mejì. Oṣù kẹta ti ń parí lọ kó tó dé Ṣakí. Abẹ́rẹ́ tó dé pé iye tí wọ́n béèrè, Bàbá Àpọ́nlé sì tẹ̀lé àwọn nọ́ọ̀sì ká gbogbo abúlé náà. Ìbàdàn ti ní kí Adékúnlé wà níbẹ̀ títí wọn yóò fi ṣe é tán, nítorí náà òun náà wọ ọkọ̀ pẹ̀lú wọn. Kò tíì dé oko rí láyé rẹ̀. Ó wọ bàtà funfun.

Ní Abà Àmúdà, Àmúdà fúnra rẹ̀, arúgbó tó tẹ oko náà dó, ló jáde pàdé wọn. Ó kí wọn káàbọ̀. Ó fún wọn ní omi. Lẹ́yìn náà ló ní, “Mẹ́rin ló kù.”

Mọ́ládé gbé kúlà sọ̀ kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn mẹ́rin náà ní abẹ́rẹ́. Bàbá Àpọ́nlé ṣí ìwé rẹ̀, ó dúró pẹ̀lú pẹ́ńsù lọ́wọ́. Méje wà níbẹ̀, ó ti tún un kọ ketekete. Kò pa á rẹ́. Ó bi Àmúdà ní orúkọ àwọn mẹ́ta náà. Àmúdà sọ wọ́n fún un: Àwáwù, Ládòkun, àti jòjòló kan tí wọn kò tíì pe orúkọ rẹ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Ó fa òpó karùn-ún sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkẹrin pẹ̀lú ọwọ́ lásán, òpó náà sì wọ́.

Nínú ọkọ̀, nígbà tí wọ́n ń padà, Adékúnlé bi í pé, “Bàbá, níbo ni màá fi ìyẹn sí nínú ẹ̀rọ? Wọn kò bi wá nípa rẹ̀.”

“Ṣí òpó kan fún un.”

“Bí Ọ̀gá Ògúndìran bá ní ta ló ní ká ṣe é ńkọ́?”

“Sọ fún un pé orí àga rẹ ni mo tún jókòó sí.”

Wọ́n bèèrè ní gbogbo abúlé, Adékúnlé sì ṣí òpó náà. Abúlé mẹ́tàlélógójì, kò sí èyí tó ṣófo. Níbi tí ọmọ kankan kò ti kú, ó kọ òdo síbẹ̀. Nígbà tó bi ẹ̀rọ, ó bi í dáadáa: mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ó ti mọ̀ kó tó bi í, nítorí Bàbá Àpọ́nlé ti rò ó pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, láti òkè àti láti ìsàlẹ̀, ní ohùn jẹ́jẹ́. Wọ́n fi iye náà ránṣẹ́ sí Ìbàdàn. Ní ọdún yẹn kan náà, oṣù kọkànlá ni abẹ́rẹ́ mìíràn ti dé, kí ọyẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Àmọ́, nígbà tí abẹ́rẹ́ yẹn dé, Bàbá Àpọ́nlé kò sí ní ọ́fíìsì mọ́. Ẹ̀gbà dá a ní oṣù kẹsàn-án. Ọwọ́ ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ kò gbé mọ́, ẹnu rẹ̀ sì wọ́ díẹ̀. Bí àwọn ènìyàn bá bẹ̀ ẹ́ wò, tí wọ́n bi í pé báwo ni ara, á ní, “Ìdajì.” Àlùfáà rẹ́rìn-ín nígbà tó gbọ́ ọ, ó sì jáde síta lọ nu ojú.

Ohun tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni ni pé nọ́mbà ti lọ pẹ̀lú ọwọ́ ọ̀tún náà. Adékúnlé ló kọ́kọ́ mọ̀. Ó máa ń wá sí Ṣakí ní oṣù méjì méjì nígbà náà, ó sì máa ń ya ilé bàbá kó tó dé ọ́fíìsì. Lọ́jọ́ kan ó mú ìwé tí ẹ̀rọ tẹ̀ jáde wá, ó tẹ́ ẹ sórí itan bàbá. Ó ní kó bá òun yẹ òpó ìkẹrin wò.

Bàbá Àpọ́nlé mú pẹ́ńsù pẹ̀lú ọwọ́ òsì. Ètè rẹ̀ ń mì. Ó dé ìlà kẹrin, ó dúró. Ó padà sókè, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ó tún dúró síbẹ̀. Àyìnkẹ́ tó ń ká aṣọ ní ẹ̀gbẹ́ ògiri kò gbé ojú sókè. Nígbà tó pẹ́, bàbá da ìwé náà padà fún Adékúnlé.

“Kà á fún mi,” ó ní.

Adékúnlé kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, pẹ̀lú àròpọ̀ ìlà kọ̀ọ̀kan. Ó tún kà á láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ó gba àkókò. Bàbá di ojú, ó ń mi orí bí ẹni tó ń gbọ́ orin.

“Ṣé wọ́n ṣe déédéé?”

“Wọ́n ṣe déédéé, Bàbá.”

“O ṣeun,” ni Bàbá Àpọ́nlé wí. “Ó ti rẹ̀ mí díẹ̀ ni.”

Ó kú ní oṣù kẹjọ ọdún 1989, ní àárín òjò. Ogbooro ni wọ́n sin ín sí, lórí ilẹ̀ bàbá rẹ̀. Òjò kò jẹ́ kí àwọn ènìyàn pọ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó wá kò tètè lọ. Wọ́n jókòó sábẹ́ páànù, wọ́n ń sọ ọ́: ti ẹ̀rọ, ti pátákó orin, ti Tẹ̀dé. Bí ẹnì kan bá sọ ọ́ tán, ẹlòmíràn á ní kò rí bẹ́ẹ̀, á tún un sọ. Ẹ̀rín pọ̀ níbẹ̀ débi pé ẹni tó ń kọjá lójú ọ̀nà lè rò pé wọ́n ń sọmọ lórúkọ.

Nígbà tí ọ̀sán pọ́n, wọ́n tú ká lọ́kọ̀ọ̀kan. Adékúnlé ní òun fẹ́ wá ọkọ̀ tí yóò gbé òun dé Ìbàdàn. Àyìnkẹ́ ní kó jókòó jẹun. Ó gbé ìyán ka iwájú rẹ̀, òun náà sì jókòó sórí àpótí ní òdìkejì.

“Ó yọ ọ́ lẹ́nu púpọ̀,” ni Àyìnkẹ́ wí.

“Ó yọ mí lẹ́nu, mà.”

“Èmi náà. Kò sí iyọ̀ tí mo fi sí ọbẹ̀ tí kò bi mí pé ṣíbí mélòó ni.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, ẹ̀rín Àyìnkẹ́ dá, ó ń wo òjò tó ń rọ̀ sórí ebè iṣu lójúde. Ó ti pẹ́ tí Adékúnlé ti ń wá ọ̀rọ̀ tí yóò fi bá obìnrin náà kẹ́dùn, gbogbo èyí tó rí kò tó.

“Mà,” ó ní nígbà tó yá, “ní ọ́fíìsì báyìí, kò sí ẹni tó ń bá mi jiyàn mọ́.”

Àyìnkẹ́ na ọwọ́, ó mú ẹran tó wà nínú àwo tirẹ̀, ó fi sínú àwo Adékúnlé. “Jẹun,” ó ní. “Òjò yìí kò ní dá lónìí. Bó bá di ọ̀la, kí o lọ.”

Adékúnlé bọ́ bàtà rẹ̀, ó gbé e sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ó sì padà sídìí oúnjẹ.